Ọjọ́ Tí A Yan Àkànní Ní Ààrẹ

Teofílù Àkànní Ọládélé. Àkànní ọmọ Ọládélé ará Pobè, ọmọ olóko ọ̀pẹ tí àlejò rẹ̀ kì í jẹ iṣu lásán, ọmọ ẹlẹ́nu tútù tí í pe ẹni tó ń bínú wá jẹun, Àkànní arìn-jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ Felisitẹ́, baba Bẹ́ńjámẹ́nì, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti jọ ń sá fún katikísìmù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín sí i, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín láìmọ ẹni tó jẹ́.

Ọjọ́ tí a yàn án ní ààrẹ ẹgbẹ́ wa, bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Mo ti darúgbó. Mo máa ń wá gíláàsì mi káàkiri ilé nígbà tó wà lójú mi. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn, mo mọ ẹni tó jókòó síbí, mo mọ ẹni tó jókòó sọ́hùn-ún, mo mọ àwọ̀ aṣọ tí kálukú wọ̀.

Ẹ má retí ìwé ńlá lọ́wọ́ mi o. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti yà kúrò. Bọ́tìnì, òwú àti sípì ni mo tà ní ọjà Missèbo títí eegun ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ilé sú mi, èmi náà sì sú àwọn ará ilé. Àkànní, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́, ló wá fà mí wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara wọn ní Kútọnu. Kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó, kì í ṣe ti káàdì ìdánimọ̀. Ẹyẹ lórí wáyà iná, ọkọ̀ apẹja létí òkun, ìyá arúgbó tó ń yan ẹja, irú ìyẹn là ń yà. Ẹlòmíràn ní kámẹ́rà ńlá, ẹlòmíràn ní fóònù. Àgbàlá Ìyá Rọ́sì la ti ń pàdé, lábẹ́ igi máńgòrò. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Ìyá Rọ́sì, òun sì ni akọ̀wé wa; ó ń pàṣẹ fún wa bí ẹni pé gbogbo wa ń rọbí.

Fọ́tò, gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Ta ló máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ ya fọ́tò lóko? Ta ló máa bẹ olórí àdúgbò fún gbọ̀ngàn tí a ó ti fi fọ́tò wa hàn? Ta ló máa gba èébú bí wọ́n bá gbé fọ́tò ẹnìkan kọ́ sódì? Bí Ìyá Rọ́sì bá ti ní, “Ó yá, ta ló máa ṣe é?” gbogbo wa á mú àkísà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú kámẹ́rà wa. Ẹ ò rí ibi tí kámẹ́rà ti mọ́ tó tiwa rí.

Nítorí náà la ṣe ní àṣà kan. Lọ́jọ́ ìbò, ẹni tí kò bá sí níjòókòó, òun la máa fún níṣẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè sọ pé òun kò ṣe. Bí Lusíẹ́ǹ ṣe di alága ìrìn-àjò nìyẹn, Lusíẹ́ǹ awakọ̀, ọmọ Fọ̀n tó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, ju àwọn ọmọ mi lọ. Ìyá rẹ̀ ló lọ kí ní Abomey. Kó tó dé, a ti fi í joyè. Láti ọjọ́ náà, ìpàdé ìbò wa ń kún ju ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Àjíǹde lọ. Alájì Múfútáù, ará Ìlọrin tó ń ta àǹkárá ní Missèbo, ti ọsibítù wá lọ́dún kan tòun ti báńdéèjì lọ́rùn ọwọ́. Lusíẹ́ǹ wá tòun ti ibà, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú oòrùn.

Èmi ńkọ́? Mo wà níbẹ̀ ní tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ àtàsì létí títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ra, inú mi sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo fi máa padà dé, àtẹ́wọ́ ló ń dún. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́. Mo bi Alájì pé, “Ta la yàn?” Ó ní, “Ẹ kú oríire, Pẹrẹsidáǹ.” Ẹ̀yin tó ń wá ipò kiri, ẹ máa jẹ àtàsì.

Àkànní nìkan lọwọ́ wa kò tíì tẹ̀ rí, nítorí kì í pa ìpàdé jẹ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, tòun ti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, lórí èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń roko lọ. Òun nìkan ló tún mọ bí a ṣe ń dá kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè sáré wọnú fọ́tò. Lẹ́yìn ìbò, a máa ń ya fọ́tò gbogbo ẹgbẹ́. Ààrẹ á jókòó láàárín, lórí àga aláwọ̀ ewé tí Ìyá Rọ́sì fi sílẹ̀ fún un, àwa yòókù á dúró yí i ká. Àkànní á tẹ bọ́tìnì, iná pupa kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, Àkànní á sì sáré. Ṣùgbọ́n arìn-jẹ́jẹ́ ni, kò mọ eré í sá. Kò débẹ̀ tán rí.

Ó wá kí mi nílé lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ àwọn fọ́tò ọdọọdún náà síwájú mi, ó fi ìka lé etí ọ̀kan.

“Kí lo rò pé èyí jẹ́?”

Mo gbé e sún mọ́ ojú. “Kọ́tìnì ni, àbí? Atẹ́gùn ló fẹ́ ẹ.”

“Kọ́tìnì wo ló wà lábẹ́ igi máńgòrò? Èmi ni.”

“Èyí ńkọ́?”

“Èmi náà ni. Èjìká mi nìyẹn. Èyí ni ẹsẹ̀ mi, nígbà tí mo fẹ́ ṣubú.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ tètè tán. Ó ní, “Ìwọ, o jókòó láàárín. O ráyè tún fìlà rẹ ṣe. Èmi náà fẹ́ jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè mọ ojú mi.”

“Ṣé nǹkan tó ń dùn ẹ́ nìyẹn? Gbà á lónìí! Gbé àga náà lọ sílé rẹ!”

“Mi ò ní tọrọ ẹ̀. Kí wọ́n yàn mí bí wọ́n ṣe yan ìwọ.”

“Bí wọ́n ṣe yan èmi? Kí n bá ẹ ra àtàsì?”

Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. A kó àwọn fọ́tò náà jọ. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn, ọgbọ́n tí mo rò pé ó dára. Mo ní lọ́jọ́ ìbò tó ń bọ̀, kó má wà níbẹ̀. Kó wẹ̀, kó wọ aṣọ rere, kó jókòó sílé ní Ekpè, kó jẹ́ kí a yàn án tán, kó wá máa bọ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní òun kò pẹ́ dé ibì kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Mo ní, “Yáa kọ́ ọ.”

Ọjọ́ ìbò pé. Mo kọ́kọ́ dé, nítorí Àkànní kò sí níbẹ̀ láti kọ́kọ́ dé. Àga rẹ̀ ṣófo. Inú mi ń dùn, mo ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Nígbà tí Ìyá Rọ́sì ní ó ku ọ̀rọ̀ ààrẹ, Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àga náà, ó dìde fò.

“Àkànní! Àkànní kò sí níbí! Háà! Ọlọ́run ti mú Àkànní lónìí!”

Ọ̀rọ̀ tí Alájì sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó bi mí lẹ́yìn náà, ó lé ní ìgbà mélòó kan, bóyá mo rò pé ahọ́n òun ní ẹ̀bi. Mo ní kò ní. Kò gbà mí gbọ́.

Èmi ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Mo tilẹ̀ ní, “Ẹ ṣàánú ọkùnrin yìí kẹ̀,” kí wọ́n má baà fura. Ariwo ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Gbogbo ọwọ́ ló ga sókè, kò sí ẹyọ kan tó wà nílẹ̀. Ìyá Rọ́sì fẹ́ pè é lórí fóònù. Alájì gbá fóònù náà mú.

“Ẹ má pè é o, Ìyá Rọ́sì! Bí ẹ bá pè é, ó máa ráyè kọ̀.”

A jókòó dè é. Àkànní kò yọ. Fọ́tò ẹgbẹ́ kò ṣeé yà láìsí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ Àkànní ló sì wà. Lusíẹ́ǹ ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣebí mọ́tò mi wà níta? Ẹ jẹ́ ká lọ bá a, ká ya fọ́tò náà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.” Gbogbo wa ní ó dára. A so àga ààrẹ mọ́ orí mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ dojú kọ ọ̀run bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Àwọn tí mọ́tò kò gbà gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wa. Orin ni Alájì ń kọ láti Kútọnu.

Bí a ṣe yà kúrò lójú títì, tí a bọ́ sórí yanrìn Ekpè, Alájì ní kí Lusíẹ́ǹ fọn fèrè mọ́tò kí àdúgbò mọ̀ pé ọjọ́ ńlá ni. Lusíẹ́ǹ tẹ̀ ẹ́. Fèrè dún. Kò sì dákẹ́ mọ́. Lusíẹ́ǹ gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó fà á, ó bẹ̀ ẹ́ ní Fọ̀n, ó bú u ní Faransé. Fèrè ń ké lọ ni. Alájì ní, “Fi í sílẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe!” Bí a ṣe wọ ẹnu ọ̀nà Àkànní nìyẹn, bí ọkọ̀ panápaná.

Mo rí àwọn èèyàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ní, “Ẹ wo ọkùnrin yìí! Kò tíì gbọ́, ó ti kó èrò jọ!” Mo bọ́ọ́lẹ̀, mo tú àga náà, mo gbé e rù, èmi arúgbó tí kò lè gbé garawa omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọlé.

“Pẹrẹsidáǹ dà? Ẹ bá mi pe Pẹrẹsidáǹ wa jáde!”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ariwo fèrè ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Mo wá jó sí i. Mo fi ẹ̀yìn rìn, mo fì síhìn-ín, mo fì sọ́hùn-ún, mo jó kọjá níwájú gbogbo bẹ́ǹṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣẹ́jú sí ọkùnrin àgbàlagbà kan, ó wolẹ̀. Bí mo ṣe yí padà, mo rí Felisitẹ́. Orí ẹní ló wà, ó na ẹsẹ̀, kò sí gèlè lórí rẹ̀.

Bẹ́ńjámẹ́nì, àkọ́bí wọn, dìde wá bá mi. Ó gba àga náà kúrò lórí mi jẹ́jẹ́, bí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe gbà á, ó gbé e sílẹ̀. “Ẹ jókòó, Bàbá.” Mo jókòó. Ó sọ nǹkan kan, fèrè gbé e lọ. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi.

“Bàbá ti lọ. Láàárọ̀ yìí.”

Mo ní, “Ó lọ síbo? A ti dìbò tán!”

Ohun tí ẹnu mi sọ nìyẹn, níwájú gbogbo ẹbí rẹ̀, lórí àga rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Lusíẹ́ǹ ṣí iwájú mọ́tò, tó já wáyà. Fèrè dákẹ́. Nígbà náà la wá gbọ́ ẹkún tó ti ń lọ lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé. Ìyá Rọ́sì yọ bàtà, ó lọ bá Felisitẹ́ lórí ẹní. Alájì dojú kọ ògiri.

Felisitẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. Àkànní tètè jí. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún, ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo aago, kò lè fara balẹ̀. Ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun dìde, ó ní bí òun bá dìde òun á lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Lẹ́yìn náà ó ní àyà ń dun òun díẹ̀, kí Felisitẹ́ fún òun lómi. Kó tó bu omi dé, orí rẹ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Felisitẹ́ rò pé oorun ni.

Ó wò mí. “Bàbá, ṣé ẹ yàn án?”

“A yàn án, ìyàwó wa.”

“Gbogbo yín?”

“Kò sí ọwọ́ tó wà nílẹ̀.”

Ó mi orí. “Ó ní fọ́tò kan wà tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun máa jókòó láàárín. Ó ti sọ fún gbogbo ilé.”

Ìyá Rọ́sì, tí òfin kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹni tí a yàn ní láti gbà kó tó jẹ oyè. Alájì yí ojú kúrò lára ògiri, omi ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ìgbà wo la bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gbà, Ìyá Rọ́sì? Ṣé ẹ bi Lusíẹ́ǹ? Ṣé ẹ bi ọkùnrin yìí tó wà nílé ìyàgbẹ́? Àkànní kò sí níjòókòó, a yàn án. Pẹrẹsidáǹ ni.”

Ìyá Rọ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pobè ni wọ́n gbé e lọ, sí àgbàlá bàbá rẹ̀, láàárín àwọn igi ọ̀pẹ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló lọ: Ìyá Rọ́sì, Alájì, Lusíẹ́ǹ, Visẹ́ńtì tó fọ́jú kan, Agatà àti àbúrò rẹ̀ Mọ́níkà, Súlè aránṣọ, Ẹ̀gbọ́n Bàsílì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. A gbé àga aláwọ̀ ewé náà dání. Lẹ́yìn tí fadá ṣe tán, Bẹ́ńjámẹ́nì gba àyè fún wa lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. Wọ́n gbé pósí náà lé orí bẹ́ǹṣì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, a gbé àga náà síwájú rẹ̀, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. A tò yí i ká. Felisitẹ́ gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wá, ó nà án sí wa.

Ìyá Rọ́sì ní, “Ó yá. Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, pẹ̀lú òkú nílẹ̀, gbogbo wa mú àkísà, a bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú kámẹ́rà.

Mo wo àkísà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo kó o sápò. Mo na ọwọ́ sókè. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ wa ti wà, kò sí ẹni tó na ọwọ́ rí kí wọ́n tó mú un; Alájì rò pé mo fẹ́ lọ yàgbẹ́ ni.

Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún. Ó ya imú mi. Ó ya ilẹ̀. Ó tún ya imú mi. Àwọn ará Pobè dúró, wọ́n ń wò wá, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fi ọwọ́ lé orí ọkọ́. Níkẹyìn, iná pupa kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo sáré. Èmi arúgbó, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, mo sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ẹsẹ̀ mi wọ yanrìn tí wọ́n gbẹ́ jáde, bàtà mi kan há síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kan lásán sáré ìyókù. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, bó ṣe máa ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn wa. Kámẹ́rà yà kí n tó dé.

A gbé e wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àga náà wà láàárín, pósí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́ kedere, ó dúró gbọn-in. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ hàn. Felisitẹ́ fi ìka lé etí fọ́tò náà.

“Kí nìyí, Bàbá? Kọ́tìnì?”

“Èmi ni, ìyàwó wa.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tó já lójijì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń wá bàtà mi. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ fún yín pé nǹkan kékeré kan ń wu òun, ẹ ṣe é fún un lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ẹ má dá ọgbọ́n sí i. Ẹ má ní kó lọ jókòó dè yín sílé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n so okùn mọ́ pósí náà, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Bẹ́ńjámẹ́nì bu yanrìn àkọ́kọ́, àwa náà bu tiwa. A sin Àkànní lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní Pobè, nílé bàbá rẹ̀.